Àpótí Ìyá Káàdì

Wọ́n ní àbúrò mi ti dáná sun káàdì ọ́fíìsì. Ẹni tó sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ó da kẹrosíìnì sí i lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó dúró tì í títí ó fi di eérú, ó wá gbọn ọwọ́ nù. Mo ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀ mi ni, kò yẹ kí n purọ́: ìdajì ọkàn mi gbà á gbọ́.

Ẹni tó bá mọ àbúrò mi á gbà á gbọ́. Nígbà tá a wà ní kékeré, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan fi eyín àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọmọ náà dìde láti kàwé níwájú gbogbo iléèwé, ó tẹrí ba kí àwọn tíṣà, gbogbo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ sì ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Abẹ́rẹ́ ni àbúrò mi fi tú òwú rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í yára bínú. Kì í sì í gbàgbé.

Mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo bá a níbi tó ti ń gé èékánná.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Káàdì tí wọ́n ní o sun."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí páálí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káàdì kún inú rẹ̀, wọ́n tò bí eyín àgbàdo.

"Eérú rèé," ó ní. "Ẹ fọwọ́ kàn án, bóyá ó ṣì gbóná."

Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, ó lé lógún ọdún tí mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé "ó wà ní ọ́fíìsì," torí mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá po kẹ́míkà tuntun, tó sì fẹ́ kí ìjọba fún un ní pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé tó sọ pé òun nìkan ló ni ín, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá inú ìwé gbogbo ayé wò bóyá ẹlòmíì ti pò ó rí. Àbúrò mi lẹni náà. Èèyàn ò sì lè fi orúkọ wá kẹ́míkà, torí ẹyọ kan lè ní orúkọ mẹ́wàá, bí olè. Nítorí náà, iléeṣẹ́ atọ́ka kan wà lókè òkun tó ń ka àwọn ìwé náà, tó ń fún ẹ̀yà ara kẹ́míkà ní nọ́ńbà: apá tó rí bí òrùka ní tirẹ̀, apá tó rí bí ìrù ní tirẹ̀. Èyí tí wọn ò bá mọ nọ́ńbà tí wọ́n á fún un, wọ́n á jù ú sábẹ́ "Àwọn Yòókù." Ibẹ̀ sì rí jáujàu bí inú báàgì mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àbúrò mi fi ń ka Àwọn Yòókù, tó ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tó bá níbẹ̀ sí káàdì.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ atọ́ka yí ọwọ́ padà. Kò sí nọ́ńbà fún ìwé tuntun mọ́. Èèyàn á ya àwòrán kẹ́míkà sínú kọ̀ǹpútà, á tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà á kó ohun tó jọ ọ́ wá. Àbúrò mi gan-an sọ pé ó dára. Àmọ́ wọn ò ya àwòrán tàwọn ìwé àtijọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí olúkúlùkù máa wá nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, kó wá a nínú àwòrán, kó tún wá a nínú nọ́ńbà.

Ọ̀gá tuntun ní ọ́fíìsì àbúrò mi ò ka lẹ́tà náà. Àbúrò mi ló kọ́ ọ níṣẹ́. "Màmá mi" ló ń pè é nígbà yẹn. Ó di ọ̀gá tán, orúkọ yí padà sí "Ìyá Káàdì," ó sì ní kó lọ jókòó sí yàrá fáìlì nísàlẹ̀, tí kò ní fèrèsé. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bi ọkùnrin yìí, "Ẹ ṣá tẹ̀ ẹ́ wò" ni, àbúrò mi sì sọ ọ́ ní Tẹ̀-ẹ́-Wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé ohun tí àbúrò mi rí lọ bá ọ̀gá àgbà pé òun lòun rí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kó àwọn káàdì dà nù. Nígbà tí ọ̀gá àgbà béèrè wọn, ó ní Ìyá Káàdì fi ìbínú sun wọ́n. Oṣù mẹ́ta ló kù kí àbúrò mi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ burúkú sìn ín délé.

"Kí ló dé tó ò gbé àpótí yìí lọ fi hàn wọ́n?"

"Mò ń dúró de Ọjọ́bọ̀."

Ọkùnrin kan wà, Bàbá Ọlọ́dà, tó po ọ̀dà tí òjò ò lè bó lára ògiri. Ó fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ nítorí ẹ̀. Tẹ̀-ẹ́-Wò ya àwòrán kẹ́míkà ọ̀dà náà, ó tẹ̀ ẹ́, kò rí nǹkan kan, ó fọwọ́ síwèé pé irú rẹ̀ ò sí rí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fa ìwé náà lé bàbá lọ́wọ́. Fáìlì ọ̀dà náà bá dé yàrá ìsàlẹ̀. Àbúrò mi wo òrùka, ó wo ìrù, ó ní, "Ìwọ yìí, mo mọ ìyá ẹ." Ẹnì kan ti pò ó rí; ó ti wà lábẹ́ Àwọn Yòókù láti ogójì ọdún.

"Sọ fún Tẹ̀-ẹ́-Wò lónìí, kó tún un ṣe."

"Kó lè sọ lẹ́ẹ̀kẹta pé òun lòun rí i?"

"Bàbá Ọlọ́dà ńkọ́? Kí lòun ṣe fún ọ?"

Ó ti àpótí padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Kò ní í gbé bíríkì kan lé bíríkì kan. Mo ṣèlérí fún yín."

"Ẹ̀san kì í ṣe tiwa. Ti Olúwa ni."

"Mi ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Fáìlì ni mò ń bá A gbé."

Mo fẹ́ bá a wí, ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. Mo tọrọ àforíjì nínú bọ́ọ̀sì. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún Tẹ̀-ẹ́-Wò, àmọ́ mi ò jẹ́ kó gùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo bá a gbé àpótí lọ sí ọ́fíìsì Tẹ̀-ẹ́-Wò. Ọwọ́ Bàbá Ọlọ́dà ti na síwájú nígbà tá a wọlé, ọ̀dà funfun ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ẹ má tíì gbà á, sà," àbúrò mi ní.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?" Tẹ̀-ẹ́-Wò ló béèrè.

"Iná ni. Iná tí mo fi sun káàdì ló rán mi wá."

Ó gbé káàdì kan síwájú bàbá. "Ẹ wo òrùka yìí, sà. Ẹ wo ìrù ẹ̀. Ṣé tiyín kọ́?"

Bàbá kà á, ó tún un kà. "Tèmi ni. Ogójì ọdún?"

"Ẹ má bínú, sà." Ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kọjú sí Tẹ̀-ẹ́-Wò. "Ṣé o wá a nínú nọ́ńbà?"

"Kọ̀ǹpútà ní kò sí, mà."

"Lẹ́tà wà lára ògiri," àbúrò mi ní, "lókè orí yín gangan. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

Ọ̀gá àgbà yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́fà."

Tẹ̀-ẹ́-Wò fò dìde. "Ẹ ò gbọ́, mà! Ọjọ́ mẹ́fà ló fi mọ̀, tó dákẹ́! Ẹrù ọ́fíìsì sì ni káàdì yẹn. Olè ni màmá yìí!"

Àbúrò mi fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó kà á sókè: "'A kò nílò wọn mọ́. Ẹ kó wọn dà nù.' Ta ló fọwọ́ sí i? Nínú ike ìdọ̀tí ni mo ti ṣà wọ́n. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ọmọ mi. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Bàbá Ọlọ́dà wúkọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ọ̀gá àgbà ní. "Ẹ padà sókè lọ́la, kẹ́ ẹ wá kọ́ ọ bí—"

"Mo ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mà. Ẹ rí ohun tó fi ṣe."

"Báwo la ó wá ṣe máa rí àwọn àtijọ́?"

Àbúrò mi fi káàdì bàbá sílẹ̀ fún un. Ó di etí kan àpótí mú, ó fojú sọ fún mi pé kí n di ìkejì mú.

"Ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ ò lè gbé ìyẹn jáde!" Tẹ̀-ẹ́-Wò ń pariwo. "Mà, ẹ dá a dúró! Káàdì yẹn, àwa la—"

Mi ò gbọ́ ìyókù. Àbúrò mi ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, a sì ti wà lórí àtẹ̀gùn.