Màmá Mi Ló Ṣe Jẹ́lì Yẹn

Lánàá, ọkùnrin kan ń fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé mi ní Roodepoort, ní South Africa níbí. Òórùn gọ́ọ̀mù náà kan bíi fínígà, ó sì rán mi létí láàbù yunifásítì tí màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbẹ̀, ó fi jẹ́lì dúdú kan tó pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin hàn mí. Bó ṣe gbé òòfà sún mọ́ ọn, jẹ́lì náà ká kò bí ekòló. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ni ọ̀gá rẹ̀ bá mú àwọn àlejò wọlé. Ọ̀gá náà gba òòfà lọ́wọ́ màmá mi, ó ní, “Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí.” Ó wá ní kí màmá mi lọ po tíì wá.

Mo fi òyìnbó sọ pé, “Màmá mi ló ṣe é.”

“Dákẹ́,” ni màmá mi fi Yorùbá sọ, ó sì lọ gbé omi kaná.

Inú bí mi gan-an. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé lẹ́tà ọ̀gá yẹn ni wọ́n fi ń tún ìwé ìgbélùú wa ṣe lọ́dọọdún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn àlejò bi ọ̀gá bó ṣe po jẹ́lì náà tí irin náà kò fi rì sísàlẹ̀. Ọ̀gá kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí màmá mi.