Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Ní Fìdítì nígbà náà, bí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó iléèwé lọ nìyẹn. Bí kò bá kàn án, ìyá rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe gba èmi náà wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gba àwọn ọmọ mi tó ṣáájú. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀ rí, àfi ìgbà tó kan àbígbẹ̀yìn mi.

Obìnrin ni. Nígbà tí mo bí i, dókítà kan ní Ìbàdàn pe èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó, ó ní ohun tí òyìnbó ń pè ní Down syndrome ló ń ṣe é, pé ara rẹ̀ á máa rọ̀, pé yóò pẹ́ kó tó rìn, yóò pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ á sì kúrú díẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tó yá, mo nu ojú, torí ọmọ náà kò mọ ọmú fà, ẹni tó ń sunkún ò sì lè fi sùúrù kọ́ ọmọ lọ́mú. Ohun tí a sọ fún ìyá ọkọ mi ni pé dókítà ní ọmọ náà á pẹ́ díẹ̀ kó tó dàgbà. A kò la ìyókù yé wọn.

Àwọn ni wọ́n sì ń bá mi tọ́ ọ. Káńsù ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, tíṣà ni ọkọ mi ní Ìlọrà, ìrọ̀lẹ́ ni àwa méjèèjì ń wọlé. Màmá ló ń ro ẹ̀kọ fún un, Màmá ló ń pọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rìn, láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ìdí àga bàbá rẹ̀, a pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì gbé igi wá. Wọ́n ṣe bí ejò ni.

Ọmọ yìí fẹ́ràn iléèwé ju ẹran lọ. Láràárọ̀ ló ń gbé àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ya kọ́ apá, tí yóò tẹ̀ lé àwọn ọmọ àdúgbò dé géètì, tí wọ́n á sì dá a padà. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ mú un lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò kọjá àtàrí. Ó rò pé eré ni, ó ń gbá ara rẹ̀ lórí pẹ́pẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá iléèwé, obìnrin kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ní ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. A padà lọ, bákan náà ni. Àwọn ọmọ tí mo jẹ oúnjẹ ìkómọ wọn ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù, tèmi ń jókòó sílé.

Inú mi máa ń tètè ru, gbogbo Fìdítì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí èyí mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ohun tó ń ṣe ọmọ, wọ́n á ní kò sí àyè fún irú rẹ̀. "Kò tíì dàgbà" sàn fún mi ju "kò lè kàwé" lọ.

Màmá ní tiwọn kò fọwọ́ lẹ́rán. Láàárọ̀, kí n tó jáde, wọ́n á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òrí ra apá ọmọ yẹn, wọ́n á fà á, wọ́n á tún fà á. Mo máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Màmá, ẹ rọra o, kí apá má lọ gùn ju ti bàbá rẹ̀ lọ." Wọn kì í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kẹta, Màmá ní àwọn á bá wa lọ síléèwé. Ọmọ gbé ọwọ́ sórí, ọwọ́ dúró ní àtàrí. Màmá bá na ọwọ́, wọ́n ń ti ìgúnpá rẹ̀ sókè.

Ọ̀gá ní, "Ẹ má ràn án lọ́wọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀."

Háà! Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yìí kò ní kan etí lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ní kàn án láéláé. Ọmọ yìí ju àwọn tó wà nínú kíláàsì yẹn lọ lọ́jọ́ orí. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyí. Bí ẹ ò bá gbà á, ẹ sọ pé ẹ ò gbà á, ṣùgbọ́n ẹ yé sọ fún mi pé kò tíì dàgbà."

Ọ̀gá kò tíì fèsì tí Màmá fi kúnlẹ̀. Àgbàlagbà!

"Ẹ má fìyà jẹ ọmọ," wọ́n ní. "Èmi ni mo ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń wẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ̀rù bà mí pé apá rẹ̀ á yọ. N kò fà á bí mo ṣe fa àwọn tó kù. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ tuntun nílẹ̀ wa, tí wọ́n á fà á lápá, tí wọ́n á fà á lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á jù ú sókè. Bí ara ọmọ kò bá gún, ẹni tó wẹ̀ ẹ́ ni ayé ń bú. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e fún wọn, Màmá ti ń dá ara wọn lẹ́bi, èmi sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Ọ̀gá sáré gbé wọn dìde. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ó wá yíjú sí mi. "Ẹ mú un wá ní Mọ́ńdè," ó ní. "Èyí tó bá lè kọ́, a ó kọ́ ọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, a jáde. Nígbà tí a dé títì, níbi tí wọ́n ti ń ta ọsàn, mo ní, "Màmá, kì í ṣe ìwẹ̀ o. Inú mi ló ti bá a wá. Dókítà ti sọ ọ́ nígbà tí mo bí i."

Wọ́n dúró. "Ìyàwó, má tàn mí."

"N kò tàn yín, Màmá."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín."

Wọ́n jókòó lórí àpótí olọ́sàn kan, wọ́n bú sẹ́kún. Ọmọ mi sún mọ́ wọn, ó ń nu ojú wọn. Ó ní, "Ta ló lù yín?"

Màmá ní kò sẹ́ni tó lu àwọn. Kò gbà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá kọjú sí mi, ó le ojú koko.

"Bẹ Màmá," ó ní.

Mo kúnlẹ̀ létí títì lójú àwọn olọ́sàn, mo bẹ̀ wọ́n.