Ọkọ̀ Méjì ní Ara Géètì Ìjọba

Ìyáàfin Wàsílátù Fàsásì ni ó máa ń kun ọkọ̀ àwọn apẹja ní ọ̀dà ní etí ọ̀sà wa, ní ọ̀nà Ejìnrìn. Bí ọkọ̀ kan bá yọ lókèèrè tí imú rẹ̀ pupa, ọmọdé pàápàá mọ ẹni tí ó kùn ún.

Nígbà tí a dá ìjọba agbègbè sílẹ̀ fún àwọn abúlé wa, àwòrán tí Wàsílátù yà ni wọ́n yàn fún àmì ìdánimọ̀: ọkọ̀ gígùn kan, ẹja ní apá ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ ní apá òsì. Ẹja dúró fún àwa ará etí omi, ẹ̀gẹ́ dúró fún àwọn àgbẹ̀ òkè, ọkọ̀ kan náà ni ó sì gbé gbogbo wa. Wọ́n ní kí ó yà á sí ara géètì ilé iṣẹ́ ìjọba tuntun náà, nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò ṣí ilé iṣẹ́ náà. Orin ni ó fi yà á tán ní Ọjọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n onílẹ̀kùn méjì ni géètì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ṣí i, ọkọ̀ là sí méjì láàrin.

Bàbá Ọláògún, olórí àwọn apẹja, dúró ní ìta.

“Wàsí, ta ni ó ní kí o fọ́ ọkọ̀ wa?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Géètì wà ní títì nígbà tí mò ń yà á.”

“Ṣé títì ni ìjọba yóò máa wà ni? Apẹja kì í gba àárín ọkọ̀ tí ó là kọjá. Bí ó bá wà báyìí lọ́la, a kò ní wọlé.”

Ọ̀gbẹ́ni Kabir, akọ̀wé ìjọba, ní kí wọ́n kúkú fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Wàsílátù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó, ó ń wo ọ̀sà, iṣẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan àti ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ́ kan ti fi imú kan imú, bí àwọn obìnrin wa ti máa ń ṣe láti pààrọ̀ ọjà lójú omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ó dìde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ya imú pupa sí ibi tí ọkọ̀ ti là, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan sì di odindi ọkọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Ọláògún ní kí wọ́n ti géètì. Ọkọ̀ méjèèjì fi imú kanra. Ó ní kí wọ́n ṣí i. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tirẹ̀ láìfọ́.

“Kí ló dé tí ti àgbẹ̀ fi sanra ju tiwa lọ?”

“Ẹ̀gẹ́ wúwo ju ẹja lọ, Bàbá.”

“Ìwọ náà ti gba rìbá lọ́wọ́ àgbẹ̀.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì wọlé. Àwọn apẹja tẹ̀lé e, wọ́n ń fọwọ́ kan imú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń kọjá. Ọ̀dà tí kò tíì gbẹ sì sọ ìka gbogbo wọn di pupa.