Ọjọ́ Tí Wọ́n Da Màṣíìnì Sọ́jà Sakété

Òórùn epo màṣíìnì ìránṣọ kì í bọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́. Ìwọ tó o ti ránṣọ rí náà mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń gba gbogbo iwájú ilé wa ní Pobẹ̀, níbi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ránṣọ, nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa. Màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀làjú ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá ní in, bí ẹni tó ní oko ni. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ aránṣọ wa fi ń kó owó jọ sọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Sakété. Òun ló ń fi í ra màṣíìnì, tó ń gbowó yá wọn fún àwọn aránṣọ Igana àti Ìta-Ìjẹ̀bú, tí a sì ń pín èrè rẹ̀ lọ́dọọdún.

Lọ́dún kan, iye tí wọ́n ń ra epo pupa já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò rí epo tà kò ní rán aṣọ tuntun. Ẹ̀rù ba àwọn kan nínú ẹgbẹ́, wọ́n ní kí ọkùnrin náà dá owó àwọn padà. Àwa kò béèrè tiwa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wú, wọ́n ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́. La bá gbé màṣíìnì tiwa fúnra wa sínú ọkọ̀ kamíọ̀n, ó di ọjà Sakété, ká lè tà á fowó tọ́jú ọmọ.

Bí a ṣe débẹ̀, màṣíìnì ẹgbẹ́ la bá tó tò lọ rẹrẹ lábẹ́ igi. Gbogbo rẹ̀ ni ọkùnrin náà kó jáde tà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òǹrajà ń rìn gbẹ̀fẹ́ láàárín wọn, iye tó wù wọ́n ni wọ́n ń dá lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ máa tà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dà á báyìí, tiwa náà ti di ọ̀pọ̀."

"Owó olówó ló wà lọ́rùn mi," ló fèsì. "Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ẹ. Kí ni kí n ṣe?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ káàánú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá oníṣòwò kan láti Àjàṣẹ́ wá wo màṣíìnì tiwa, ó fọwọ́ yí i, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Ó ní, "Ìyàwó, èyí dára ju tọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ tí mo rà lọ́jà tó kọjá, iye gidi ni mo sì san fún un. Ṣùgbọ́n lónìí, ta ló máa san iye gidi?"

Lọ́jà tó kọjá. Ọkùnrin náà ti rọra ta tirẹ̀ kó tó wá fi tẹgbẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ wa lórí. Mo bi í léèrè lójú gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ ló ń wò. "Olúkúlùkù ló ń du orí ara rẹ̀," ló wí.

A tà á ní ọ̀pọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ kò lè dúró de ọjà. Ọmọ náà rí ìtọ́jú, ó sì rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo tún lówó lórí, àwọn màṣíìnì kan náà padà wá láti Àjàṣẹ́, wọ́n sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màṣíìnì ẹlòmíràn ni ẹ̀gbọ́n mi ń sanwó lò títí ó fi darúgbó.

Ohun tó ń bí mi nínú dòní ni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe màṣíìnì wa. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ. Àwọn èèyàn á máa ní ọjà ló bàjẹ́, bí ẹni pé òjò ló rọ̀. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, mo máa ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ta tirẹ̀.