Pẹpẹ Òkè Nínú Fìríìjì Mi

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Derrière la Prison, ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n Libreville níbí, fìrísà mẹ́rin ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹja wà nínú méjì, itan adìyẹ wà nínú ìkẹta, tòlótòló ló wà nínú ìkẹrin. Lẹ́yìn wọn ni fìríìjì onígíláàsì tí mo ń kó mọ́ọ̀tì àti omi tútù sí. Gbogbo pẹpẹ rẹ̀ ló kún, àfi ti òkè pátápátá. Òfìfo ni mo fi í sílẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa béèrè ìdí rẹ̀, mo sì máa ń sọ pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Wọn kì í bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Irú ọkùnrin tí wọ́n ń bi léèrè lẹ́ẹ̀mejì kọ́ ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìwé kẹta ni mo ti fi iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni mo gbé wọ ìlú yìí. Lónìí, bí ẹja bá wọ́n lọ́jà, èmi ni wọ́n ń wá. Àwọn ọmọ ilé wa láti Oloumi títí dé Sotega ń pè mí ní Àlájì, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fojú kan Mẹ́kà; iyì ni wọ́n fi ń pè mí, n kò sì dá wọn dúró. Faransé mi kò tọ́, ṣùgbọ́n ó ń ta ọjà. Ẹni tí Faransé tirẹ̀ tọ́ ńkọ́, fìrísà mélòó ló ní?

Nígbà tí iná ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wá bí ó ti wù ú, tó lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí di ọjọ́ kejì, ẹja jẹrà mọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ́wọ́. Tèmi kò jẹrà. Mo ti ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó ń dún bí mọ́tò akẹ́rù tó ń gun òkè. Kò sí irú rẹ̀ ní òpópónà wa. Mo mọ̀ pé ariwo rẹ̀ ń yọ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó dùn mọ́ èmi. Ó ń sọ fún wọn pé mo wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni olórí àdúgbò wa pe gbogbo àwa oníṣòwò òpópónà náà jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin ọmọ Gabon ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì ju tèmi lọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin ń tà, àwa ń rà, ó dára. Ṣùgbọ́n bí àwa bá kú tán, ta ni ẹ máa tà fún?"

A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ènìyàn méje ló ní ìtọ̀ ṣúgà ládùúgbò, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún, oògùn abẹ́rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà níbi tútù. Fìríìjì ilé wọn ń kú pẹ̀lú iná ọba, ti ilé oògùn tó wà ní oríta náà ń kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe èrè ni òun pè wá sí. Kí olúkúlùkù mú ohun tó ní wá.

Gẹ́rígẹ́rí kan, agẹrun tó jẹ́ ọmọ Kamẹrúùnù, ní òun á máa fi bátìrì tí òun fi ń gẹrun bá àwọn aláìsàn gba iná sí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè rí i pe ènìyàn bí ara bá yí padà. Obìnrin tó ń ta oògùn ní oríta ní òun á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ike onídèérí, òun á kọ orúkọ sí i lára, òun á sì máa wá yẹ oògùn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn èyí gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi.

Olórí àdúgbò ní, "Patírọ́n," ìyẹn ọ̀gá lédè wọn, "ìwọ ńkọ́? Àbí ariwo nìkan ni tìrẹ?"

Mo ní, "Màmá, òtútù wà nínú ariwo tèmi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn tó wọ̀ mo ti kó mọ́ọ̀tì kúrò lórí pẹpẹ òkè, ike méje sì ti wà níbẹ̀. Obìnrin olóògùn na ìka sí mi pé n kò gbọ́dọ̀ gbé e sínú fìrísà láé. Ó ní, "Bó bá ti dì, ó ti kú nìyẹn."

Ẹni tó ni ike keje ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, gbogbo àdúgbò ń pè é ní Tọ́ntọ́n. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, òun nìkan. Port-Gentil ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà. Láràárọ̀ ló ń wá gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, á dá ike padà sáyè rẹ̀, á wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí afẹ́fẹ́ fáànù mi ń fẹ́ dé. Bí ìwé kankan bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, orí itan rẹ̀ ni mo ń jù ú sí. Á fi gíláàsì ojú rẹ̀ tó fi òwú so wọ̀, á kà á, á sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, bó bá sì gba èsì, òun ló ń kọ ọ́. Èmi gbà pé ó kàn ń wá nǹkan ṣe ni. Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé bàbá yìí ti rí fáànù ọ̀fẹ́.

Ohun kan wá ń dùn mí. Nílé wa, bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, ilẹ̀ kì í mọ́ kí o má lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: "Ẹ ṣé àná." Ọjọ́ kejì gan-an lọpẹ́ tó jẹ́ ọpẹ́. Wọ́n sì sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn méje yìí dúpẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ó sì tán síbẹ̀. Láti ìgbà náà, "Mbolo" ni, ìkíni tiwọn, lẹ́yìn náà ọwọ́ ti dé inú fìríìjì mi. Màá dúró lẹ́yìn tábìlì, màá máa retí. Ilẹ̀ á tún mọ́. "Mbolo."

Ìyàwó mi ní, "Àlájì, ilé wọn kọ́ ni ilé wa. Bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dúpẹ́ yàtọ̀."

"Yàtọ̀ báwo? Àbí wọn kò lẹ́nu ni?"

"Ṣé nítorí ọpẹ́ lẹ ṣe gbà á ni?"

Mo ní kò mọ nǹkan kan. Mo jáde lọ wo epo jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó yá, olórí àdúgbò ránṣẹ́ pé ìpàdé máa wà lọ́jọ́ Àìkú ní ọgbà iléèwé, wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ara mi wá balẹ̀. Mo ní kí Tọ́ntọ́n kọ́ mi ní Faransé tó tọ́, gbólóhùn mẹ́rin péré, tí n óò sọ bí wọ́n bá pè mí síta. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn la ti ń kọ́ ọ láràárọ̀.

Á rẹ́rìn-ín. "Ahọ́n rẹ le ju ẹja inú fìrísà rẹ lọ. Tún un sọ."

Mo tún un sọ títí ó fi rọ̀.

Agbádá funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi sì bá mi ká apá rẹ̀ dáadáa. Olórí àdúgbò dìde, ó na ọwọ́ sí gẹ́rígẹ́rí tó jókòó níwájú, ó na ọwọ́ yí gbogbo wa ká, ó ní, "Gbogbo oníṣòwò òpópónà wa, ẹ ṣeun." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ti ń dìde. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí. Mo rọra jókòó padà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń tún agbádá ṣe. Tọ́ntọ́n wò mí láti ọ̀kánkán, ó mi orí díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé kò burú. Ní tèmi, ó burú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní fìríìjì ti bàjẹ́, kí olúkúlùkù wá kó oògùn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé bí mo ti ń pa irọ́ náà.

Tọ́ntọ́n ló dé kẹ́yìn. "Ó bàjẹ́?"

"Ó bàjẹ́, Tọ́ntọ́n."

Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì fìríìjì náà. Omi òtútù ń sun lára ìgò mọ́ọ̀tì, èmi àti òun jọ ń wò ó. Ó ní, "Ó dára." Ó fi aṣọ tútù wé ike rẹ̀, ó sì lọ. Kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, kò sì padà wá jókòó mọ́.

Àwọn tó kù rí ibi gbé tiwọn lọ. Ọ̀kan gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Sotega, àwọn yòókù ń wọ takisí kiri. N kò béèrè ti Tọ́ntọ́n. Mo dá mọ́ọ̀tì padà sórí pẹpẹ òkè, ó sì tà.

Oṣù méjì kọjá kí ìwé kan tó ti mérì wá, ilé ìjọba ìlú. Òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Àwọn ọmọ mi wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi, ìyàwó mi kò ka Faransé, n kò sì fẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀ pé mi ò lè kà á. Mo ká a sápò, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sí yàrá Tọ́ntọ́n. Ẹ gbọ́ o: nítorí ìwé ni mo ṣe lọ. Ì bá wù mí kí n sọ pé n kò rí ọkùnrin náà fún ọjọ́ pípẹ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Irọ́ ni.

Páànù ló bo yàrá náà, ooru rẹ̀ sì tó ti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Òun wà lórí ẹní, àkísà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe òórùn ara alààyè. Ó ní ìṣó ló gún òun, ó ti lé lóṣù kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà, ike náà ń léfòó nínú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bí omi tí èèyàn fẹ́ fi wẹ ọmọ.

Ó ní, "Kí lo mú wá?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti rí etí ìwé náà lápò mi. Ó ní kí n bá òun mú gíláàsì ojú òun. Ó kà á pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, ó sì fara balẹ̀ kà á.

Ó ní, "Bẹ́ǹṣì rẹ ni. Wọ́n ní ó ti jáde jù sójú ọ̀nà. Fà á wọlé ní ìṣísẹ̀ méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkọ̀ tí mo fi ń kó ẹja ni mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà kò dárúkọ fìríìjì ẹnikẹ́ni. Ó ní egbò náà ti pẹ́ jù, ó ní oògùn tó ń gún ti sọ agbára nù nínú ooru. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nílùú yìí, Faransé àwọn alákọ̀wé yé mi láìsí ẹni tó bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Mo jókòó tì í nílé ìwòsàn, ẹ sì mọ ohun tí ẹnu mi sọ? Mo ní, "Tọ́ntọ́n, kí ló dé tí ẹ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí?" Ojú tì mí bí mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi.

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò retí. "Dúpẹ́? Ìwọ náà kò dúpẹ́ fún àwọn ìwé rẹ. Mo rò pé a jọ ń ṣe é fún ara wa ni."

Mo tún aṣọ tó bò ó ṣe, mo sì dìde.

Mo lọ bá olórí àdúgbò. Mo sọ fún un pé fìríìjì náà kò bàjẹ́ rí. Ó ní, "Gbogbo wa ló mọ̀, Patírọ́n. Ó ń ta omi tútù." Mo ní mo ti palẹ̀ pẹpẹ òkè mọ́. Ó ní òun á sọ fún wọn. Bóyá ó sọ, bóyá kò sọ, kò sí ẹni tó wá. Ẹni tí a ti lé lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tún fi ẹ̀mí rẹ̀ síbẹ̀.

Tọ́ntọ́n ti ń fi igi méjì rìn báyìí. Bẹ́ǹṣì ti wọlé ní ìṣísẹ̀ méjì, ó sì tún ti ń jókòó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́. Oògùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Oloumi. Takisí ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀ láràárọ̀, tòun ti igi méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí fìríìjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi pẹpẹ òfìfo náà hàn án.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

"Wọ́n ti tún un ṣe, Tọ́ntọ́n."

Ó mi orí. Ó ní kí n fún òun ní omi tútù. Mo fún un, ó mu ún tán, ó nawọ́ gba igi rẹ̀ méjèèjì, takisí Oloumi sì dúró gbé e.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Ẹ ṣé àná," ni mo sọ, ní Yorùbá. Kò yé e. Ó ní, "Mbolo." Láràárọ̀ ni mo ń lọ báyìí.