Omi Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Nígbà tí iná ìjà òṣèlú tí wọ́n ń pè ní wẹ́tiẹ̀ jó ilé tán ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìtàjí, àwọn àgbà tí òṣèlú ti sọ di ọ̀tá ara wọn wá ohun tí yóò tún wọn pa pọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú jọ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó dára. Ọkùnrin ló ń po amọ̀, obìnrin ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń pò ó, torí ọkùnrin tó bá gbé ìkòkò omi rù níbẹ̀, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kò ní tán. Títílọlá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, pa epo tó ń fún tà tì, ó ń pọn omi jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, àárín orí rẹ̀ pá. Kò ráhùn, Florence ọmọ rẹ̀ ti yege ìdánwò àbáwọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ, wọn kò pe ọmọbìnrin kankan. Olóyè Bámgbóṣé, alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ní ààyè kò tó, kí àwọn obìnrin ṣe sùúrù. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn? Ẹni tó ru omi ni yóò ṣe sùúrù, ẹni tó jókòó sábẹ́ igi tó ń pàṣẹ, ọmọ tirẹ̀ ni yóò wọlé. Títílọlá ti ojúlé dé ojúlé bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pọn omi mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ ilé kejì nílé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin wa ilẹ̀, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń retí omi. Orí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n dúró sí títí oòrùn fi mú. Bámgbóṣé bá gba ilé Títílọlá lọ.

“Ìyá Florence,” ó rẹ ohùn sílẹ̀, “ọmọ tìrẹ á wọ ulé ẹ̀kọ́ lọ́la. Ṣáà kó àwọn obìnrin lọ sódò.”

Florence wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Títílọlá mọ̀ pé ó ń gbọ́.

“Bàbá, àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?”

Bámgbóṣé tún fìlà rẹ̀ dé.

“Ẹ lọ pọn ọ́n fúnra yín,” Títílọlá sọ fún un.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn ọkùnrin ru omi lóòótọ́, omi ń dà sí wọn láyà, àwọn obìnrin ń wò wọ́n. Ó sú wọn, wọ́n gbà pé kí ọmọbìnrin wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá Florence, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín nítorí ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe, ti mú ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Òsì, kò sì jẹ́ kó padà.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin wọlé, Florence ló rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọbìnrin Dúpẹ́, aládùúgbò wọn. Àwọn obìnrin wá kí Títílọlá kú oríire. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má kí òun.