Òkìtì Ápù Elbridge Rafuse

Ohun tí gbogbo ará àfonífojì Annapolis kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Elbridge Rafuse ni ọjọ́ tó to ápù sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ ìkórè. Ìsàlẹ̀ òkìtì náà jẹ́ ìlà mẹ́rìnlélógún, ápù mẹ́rìnlélógún nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógún lọ́nà mẹ́tàlélógún, bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù títí tó fi ku ẹyọ kan ní téńté. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó dín ọgọ́rùn-ún.

Elbridge ní, “Tí mo bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìlà àádọ́rin ló máa jẹ́, àádọ́rin ápù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, kò lé, kò dín. Tí a bá yọ ení kúrò, kò sí nọ́mbà mìíràn láyé tí òkìtì rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀ dọ́gba báyìí.”

Ó gun àkàbà láti gbé ápù ìkẹyìn lé e. Ìgúnpá rẹ̀ kan òkìtì náà, ni ápù bá ya bo ilẹ̀, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ àga àwọn èèyàn. Elbridge rọra sọ̀ kalẹ̀.

“Mo ṣáà ní wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀,” ló wí.

Àwọn èèyàn bá a tò ó ní ìlà àádọ́rin títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Ó wá ku àyè kan ní igun. Gbogbo ojú yí sí Garnet Zwicker, aládùúgbò rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń jẹ.

“Garnet, àbúrò mi, kí lo ń jẹ?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ẹ ti kà á.”

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú kí Garnet fọ́nnu pé òun máa wá nọ́mbà mìíràn tó lè ṣe é. Nọ́mbà ò ṣáà lópin. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè ló ń gbé nọ́mbà tuntun lọ sílé Elbridge, Thelma ìyàwó Elbridge a sì gé páì ápù fún wọn. Garnet mọ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀gá nínú ìṣirò. Nílé ìwé, ìka ẹsẹ̀ ló máa ń fi kún ti ọwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti sún mọ́ ọn,” ló wí lọ́jọ́ kan. “Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án, ó ku ápù mẹ́rin péré kó pé mẹ́tàdínlógún lọ́nà mẹ́tàdínlógún. Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́rin kún un.”

“Ká fi kún un? Ṣé ṣúgà inú páì ni?”

Elbridge náà a máa fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní nọ́mbà kan ṣoṣo lòun mọ̀ láyé, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí ìyàwó òun.

Nígbà tó kú, Garnet ò mọ ibi tó máa gbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Lẹ́yìn ìsìnkú, Thelma ní kó jókòó.

“Garnet, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú mọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi hàn tipẹ́tipẹ́ pé kò sí òmíràn, kò sì lè sí. Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ̀. Ó ní tóun bá sọ fún ẹ, o ò ní wá mọ́.”

Garnet wo àga Elbridge tó ṣófo.

“Antí Thelma, èmi náà mọ̀. Ọmọ mi obìnrin ti sọ fún mi látọdún kejì tí mo ti ń wá. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá gbà fún ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní máa retí mi mọ́.”

Thelma rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Garnet náà nu ojú tirẹ̀.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó kan ilẹ̀kùn.

“Antí, mo ti rí òmíràn.”

Thelma ti gé páì sílẹ̀. Kò tiẹ̀ bi í pé nọ́mbà wo ni.

“Kì í ṣe òun,” ló wí. “Wọlé, wá jókòó.”